Táìlì pọ́sílénì: bẹ́ ẹ ṣe máa gé e, tẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹ, tí ò ní fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ àtẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di túróòlù mú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ táìlì pọ́sílénì yìí ń dùn mí, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré, èèyàn á fi ọdún méjì tọ́jú owó, á ra páálí ogún, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ tán páálí mẹ́ta ti fọ́, ìyókù tí wọ́n tẹ́ náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á ní táìlì yẹn ló burú. Ó lè burú lóòótọ́, àmọ́ nínú èyí tí wọ́n ti pè mí sí lágbègbè Ìlọrin wa níbí, ní Tanke, ní Ganmọ àti lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpò, ohun kan náà ni mo máa ń bá: abẹ́ ibi tó fọ́ ṣófo.

Pọ́sílénì le gan-an, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Pákó máa ń tẹ̀, páànù máa ń tẹ̀, òun kì í tẹ̀, tí apá kan ẹ̀ bá jókòó dáadáa tí apá kejì wà lórí afẹ́fẹ́, tí nǹkan bá ti lè tẹ apá kejì yẹn mọ́lẹ̀ báyìí, ó ṣẹ́ nìyẹn. Bó ṣe rí nígbà tá a bá ń gé e nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí tó bá ti wà nílẹ̀ tá a ń rìn lórí ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹni tó bá ti dé Dada ní Òkèlele rí, níbi táwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún un. Amọ̀ ni ìkòkò, amọ̀ náà wà nínú pọ́sílénì, iná ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, iná ẹ̀ kì í gbóná tó iná ilé iṣẹ́ táìlì, ìdí nìyẹn tómi fi máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára àmù tómi inú ẹ̀ á sì tutù. Pọ́sílénì ní tiẹ̀, iná tó tó 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń sun ún, títí tí ihò ara ẹ̀ á fi dì. Ohun tí wọ́n fi ń pe táìlì ní pọ́sílénì gan-an ni pé omi tó máa mu kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ táìlì ògiri lásán tá a mọ̀ látijọ́ lè mu ju ìdá 10 lọ. Ẹ rí i báyìí pé àṣà ká kó táìlì sínú dúrọ́ọ̀mù omi di ọjọ́ kejì ká tó lẹ̀ ẹ́, ti táìlì ògiri nìyẹn o, kì í ṣe ti pọ́sílénì. Kò ní mu omi yẹn, omi á kàn dúró sẹ́yìn ẹ̀ ni, á jẹ́ kí sìmẹ́ńtì yọ̀. Sìmẹ́ńtì lásán náà, inú ihò ara táìlì ló máa ń wọ̀ tó fi ń dì í mú, ara tí ò níhò, kí ló fẹ́ dì mú níbẹ̀? Gọ́ọ̀mù táìlì ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ sára àpò ẹ̀ pé ó wà fún pọ́sílénì. Mo mọ̀ pé ó wọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ. Ẹ fi owó ẹ̀ sí i ṣáà, tó bá gba pé kẹ́ ẹ dín ti POP àjà kù.

Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka kan táìlì bí àwọn ìyá ṣe máa ń kan ìkòkò. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé e dúró, ẹ fi oríkèé ìka ọwọ́ kejì kàn án láàárín. Èyí tára ẹ̀ pé á dún gooro bí agogo kékeré, èyí tó ti sán á dún kẹ́rẹ́, ohùn ẹ̀ á kú síbẹ̀. Ojú lè máà rí ìlà sísán yẹn, torí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, àmọ́ etí á gbọ́ ọ. Ẹ tún gbé méjì kojú síra wọn, ẹ wò ó bóyá àárín wọn ń ṣí sílẹ̀. Táìlì tó gùn máa ń tẹ̀ kòrò díẹ̀ látinú iná, díẹ̀ ò burú, tó bá ti pọ̀ ẹ má gbà á. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílé, ìdúró ni kẹ́ ẹ kó páálí, lórí etí ẹ̀, kẹ́ ẹ há wọn mọ́ra kí wọ́n má ráàyè mì, kì í ṣe kẹ́ ẹ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sẹ́yìn ọkọ̀ kí gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà máa gbá wọn lábẹ́. Nílé náà, ìdúró ni, lórí pákó, kẹ́ ẹ fi wọ́n ti ògiri.

Kẹ́ ẹ tó gé ẹyọ kan, ẹ wọn yàrá. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má fo eléyìí, torí ibi tí ọ̀pọ̀ táìlì ti ń fọ́ kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń gé e, ìwọ̀n tí wọn ò wọ̀n ló fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 nínú 12 tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tépù á pè é ní 366 sẹ̀ǹtímítà. Táìlì 60 nínú 60 lẹ rà. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri kan pẹ̀lú odindi, ẹ máa tẹ́ mẹ́fà, ìyẹn 360, ẹ yọ àlàfo mìlímítà méjì-méjì àárín wọn, ẹ yọ mìlímítà mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì, ohun tó kù lódìkejì ò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ta ló fẹ́ gé pọ́sílénì sí tín-ín-rín báyẹn, nígbà mẹ́fà tàbí méje, tí ò ní fọ́? Táìlà tó mọṣẹ́ á jókòó, á ní kí odindi márùn-ún wà láàárín, kí ògiri méjèèjì pín èyí tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 31. Táìlì tí wọ́n gé sí ìdajì á gbọ́ràn lẹ́nu kọ́tà tá a fi ń gé e, á sì tún dùn ún wò. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ gbẹrẹfu láìsí gọ́ọ̀mù, ẹ wo bó ṣe bọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

Ó di gígé. Oríṣi méjì ló wà tó wọ́pọ̀: kọ́tà ọlọ́wọ́, tó máa ń fa ìlà tí wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ kó ṣẹ́, àti mashíìnì fáìlìn, èyí táwọn wẹ́dà náà ń lò, tí wọ́n fi bíléèdì dáyámọ́ǹdì sí lẹ́nu.

Ìlà tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kọ́tà ọlọ́wọ́ ló dáa jù fún un, kò ní eruku, kò ní ariwo, NEPA ò kàn án. Aṣírí ẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fa ìlà. Ẹ gbé táìlì jókòó dáadáa, ojú tó ń dán sókè, ẹ nu eruku orí ẹ̀ kúrò, ẹ fi ọwọ́ tí ò gbọ̀n tì í lọ láti etí dé etí, agbára kan náà, ẹ tẹ́tí. Ẹ máa gbọ́ ohùn kan tó ń lọ gbooro láìjá bí ìgbà téèyàn ń fa ṣíìpù. Tó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń já, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń fa ìlà lẹ́nu ẹ̀ ti kú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kì í wọ́n. Ẹni tó bá fa ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlà mẹ́ta ló fà sórí táìlì, táìlì ò sì mọ èyí tó fẹ́ tẹ̀ lé, á wá gba ibi tó wù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá ti fà á tán, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ́tà sí etí, kì í ṣe àárín, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ ọsàn wò bóyá ó ti pọ́n, títí tẹ́ ẹ máa gbọ́ kẹ̀ẹ́. Ẹ má gbá a. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yọ bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ má fi kọ́tà ọlọ́wọ́ wahálà, ẹ gbé mashíìnì.

Mashíìnì fáìlìn yìí lọ̀rọ̀ wà. Bíléèdì tó yẹ pọ́sílénì ni èyí tétí ẹ̀ lọ yíká gbọọrọ láìní eyín, èyí tí wọ́n là sí eyín-eyín, ti bùlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí pọ́sílénì etí ẹ̀ á máa bó wẹ́wẹ́ bí èépá ẹ̀pà. Tí bíléèdì tó dáa bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iná tí ò gé mọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù, ẹ fi gé bùlọ́ọ̀kù díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún, bùlọ́ọ̀kù á ha ohun tó bò ó lójú kúrò, dáyámọ́ǹdì tuntun á yọjú, á tún mú.

Abẹ́ táìlì ńkọ́? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ilé kan ní Òmù-Àrán, nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mi, mo ń gé táìlì tó máa yí ojú férémù ilẹ̀kùn ká, irú èyí tá a máa ń yọ igun kan kúrò lára ẹ̀. Orí bùlọ́ọ̀kù méjì ni mo gbé e lé, àárín ṣófo. Mo gé ìlà kìíní dé igun, mo yí i, mo gé ìlà kejì, ó ku bí ìka méjì kí wọ́n pàdé, ó là, láti igun yẹn lọ tààrà dé òdìkejì. Mo mú òmíràn, ó tún là. Ẹ̀kẹta là. Táìlì tó kù fún yàrá yẹn ò ju mẹ́rin lọ, onílé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ó ń wò mí ṣáá. Ara mi gbóná. Ọ̀gá mi wọlé, ó gbé èyí tó là sókè, ó fi ìka tọ ìlà ẹ̀ dé igun, ó ní, "Ọmọ mi, o ò rí i pé láti igun ló ti gbéra? Lù ú níhò níbẹ̀ kó o tó gé e. Ìlà tó bá já sínú ihò máa ń dúró, èyí tó bá já sí igun mímú, ó ń lọ nìyẹn." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó tú páálí táìlì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí pákó pẹrẹsẹ, ó gbé táìlì lé e kí gbogbo abẹ́ ẹ̀ jókòó, ó fi dírílì lu ihò tó tó ẹnu pẹ́ńsù sí igun yẹn, ó gé méjèèjì dé ihò. Ó jábọ́ bí ẹni yọ búrẹ́dì. Láti ọjọ́ yẹn mi ò gé igun láìlu ihò mọ́.

Torí náà bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Pákó tó tẹ́jú, páálí tàbí fóòmù tín-ín-rín lórí ẹ̀, táìlì lórí ẹ̀, ojú dídán sókè. Apá tó máa kù àti apá tó máa jábọ́, abẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó, torí àwọn kan máa ń rántí odindi, wọ́n á jẹ́ kí èyí tó ń jábọ́ so rọ̀, ìwúwo ẹ̀ á fà á já kí bíléèdì tó dé òpin. Mo lẹ sẹ́lótéèpù onípépà, èyí táwọn péńtà ń lò, síbi ìlà, mo fi pẹ́ńsù fà á lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ́kọ́ gé ibi tí mo máa parí sí, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta wọ inú, mo padà wá síbi ìbẹ̀rẹ̀. Òpin ni táìlì máa ń fọ́ sí jù, ibi tí bíléèdì ti fẹ́ jáde, tẹ́ ẹ bá ti gé ibẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kò sóhun tó kù fún un láti fọ́. Ìlà kìíní kí ó jẹ́ ha-n-ha lásán, mìlímítà kan tàbí méjì, kó kàn là fún bíléèdì lọ́nà, ẹ wá máa wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ má fi ara tẹ mashíìnì. Bíléèdì íǹṣì mẹ́rin àbọ̀ yẹn máa ń yí bíi 11,000 nígbà láàárín ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, ọwọ́ yín kàn ń tọ́ ọ ni. Tó bá ku díẹ̀ kó já, ẹ rọra gan-an.

Omi máa ń ràn án lọ́wọ́, ó ń pa eruku, ó ń mú bíléèdì tutù, torí ooru náà máa ń la táìlì. Ọmọ iṣẹ́ kan lè máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ látinú ike omi tí wọ́n lu ìdérí ẹ̀ níhò. Àmọ́ omi pẹ̀lú iná ìjọba tàbí jẹ́nẹ́ kì í ṣe eré, mashíìnì fáìlìn tó wọ́pọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún omi, ẹ má jẹ́ kómi dé ara mọ́tò ẹ̀, ẹ wọ bàtà tó ní rọ́bà nísàlẹ̀, kí wáyà tẹ́ ẹ so mọ́ra má sùn nínú omi. Ẹni tó bá ní mashíìnì olómi tó dúró lórí tábìlì, ẹ lo ìyẹn. Eruku pọ́sílénì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á símú. Ó ní sílíkà nínú, ó máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í lọ mọ́, mo mọ àgbà táìlà tó ń wúkọ́ tó ń mí bí ẹni sáré. Ẹ wọ ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ tá a so mọ́ imú, ẹ sì wọ gíláàsì ojú.

Ihò páìpù tàbí ti ṣáwà, dírílì oníhò dáyámọ́ǹdì ni. Ẹ gbé e ní ìdagun kí ẹnu ẹ̀ lè mú díẹ̀, tó bá ti rí ẹsẹ̀ mú ẹ gbé e dúró ṣánṣán. Ẹ pa hámà ara dírílì, yíyí nìkan, kó rọra, kí kànìnkànìn tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ò ní i lè ya róbótó sẹ́yìn táìlì, kó fi bíléèdì gé àárín ẹ̀ bí ìràwọ̀ látẹ̀yìn, kó wá fi púláyà ṣín in díẹ̀díẹ̀. Kò ní róbótó dáadáa, àmọ́ ìdérí páìpù máa bò ó.

Títẹ́ ẹ gan-an. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí kó gbẹ, kó mọ́, kó tẹ́jú. Ẹ gbé ránjì pólù, ìyẹn ọ̀pá gígùn tó tọ́, lé e láti ọ̀nà mẹ́rin, ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì bá ti ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, kòtò wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì àti yẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dí i kó gbẹ, kì í ṣe gọ́ọ̀mù lẹ máa fi dí i lọ́jọ́ títẹ́. Ẹ nu ẹ̀yìn táìlì, ó máa ń ní ẹfun funfun kan lára láti ilé iná, gọ́ọ̀mù á dì mọ́ ẹfun yẹn, kò ní dì mọ́ táìlì.

Nǹkan tó ń bí mi nínú jù ni sìmẹ́ńtì pípò tí wọ́n ń dá sójú márùn-ún, ìṣù kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín, wọ́n á wá gbá táìlì lé e. Ó yá, ó ń dín sìmẹ́ńtì kù, ojú ẹ̀ á sì dọ́gba lọ́jọ́ yẹn. Àárín ìṣù kan sí èkejì ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ni. Ọjọ́ tí ìyá onílé bá já odó sílẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bá bọ́ síbẹ̀, ó là. Ẹ fi túróòlù eléyín, eyín mìlímítà 10 tàbí 12 fún 60 nínú 60, fa gọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ìlà tó ń lọ sọ́nà kan náà, kì í ṣe róbótó-róbótó, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà jáde. Ẹ fi ojú túróòlù tí ò léyín ra gọ́ọ̀mù tín-ín-rín sí gbogbo ẹ̀yìn táìlì náà. Ẹ gbé e lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ẹ tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀ ní ìdábùú ìlà yẹn kí ìlà gọ́ọ̀mù lè wó lu ara wọn. Hámà rọ́bà, láàárín, kí ẹ má kan igun. Tí ọ̀kan bá ga ju ẹnìkejì ẹ̀, ẹ má lù ú wọlẹ̀, ẹ gbé e kúrò, ẹ ha gọ́ọ̀mù díẹ̀ kúrò, ẹ dá a padà.

Táìlì kìíní tẹ́ ẹ bá tẹ́, ẹ ṣí i. Ó máa ṣe yín bí ẹni pé ẹ ń fiṣẹ́ ṣòfò, ẹ ṣí i ṣáà. Tó bá dì dáadáa ó máa ń fàmọ́lẹ̀, á dún ṣọ́ọ̀ bí ẹsẹ̀ tó ń jáde nínú ẹrẹ̀. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bo ó kárí, ní balùwẹ̀ àti níta kó tó ìdá 95 nínú 100, dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tẹ́ ẹ bá rí tó gbẹ funfun, ibẹ̀ ló máa fọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kún un, kẹ́ ẹ tún máa ṣí ọ̀kan wò lẹ́yìn mẹ́wàá mẹ́wàá.

Àsìkò ọyẹ́ nílùú wa níbí, láti November dé February, gọ́ọ̀mù máa ń yára di awọ lójú, pàápàá tí fèrèsé ò bá tíì sí nílé. Ẹ fi ìka kàn án, tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ ha á nù, ẹ má da omi sí i kẹ́ ẹ tún un pò. Ẹ máa fa ìwọ̀n tí táìlì méjì péré máa gbà sílẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ háú-háú ẹ fi aṣọ tútù nù ún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó kàn tutù ni, kí omi má dúró.

Àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mìlímítà mẹ́fà, ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i. Ooru máa ń jẹ́ kí táìlì wú díẹ̀, tí kò bá ríbi lọ, ó máa gbéra nílẹ̀ láàárín yàrá bí òrùlé. Síkẹ́ẹ̀tìn, ìyẹn táìlì tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri, máa bò ó, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ní fàráńdà tí oòrùn ń pa, ẹ tún fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sí àárín lẹ́yìn mítà mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi sílíkóònù dí i. Ẹni tó ń tẹ́ táìlì gígùn onípákó, ẹ má jẹ́ kí orí ọ̀kan bọ́ sí ìdajì èkejì, ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ gbà, torí àárín wọn ló máa ń ga díẹ̀, etí tó bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín yẹn ni bàtà á máa kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí ẹ̀ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ tó fi sìmẹ́ńtì funfun dí àlàfo àárín wọn. Lẹ́yìn náà ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kan, ẹ rìn yíká yàrá, ẹ máa kan igun kọ̀ọ̀kan, ẹ máa tẹ́tí bẹ́ ẹ ṣe tẹ́tí ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá dún kòǹkò, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí gọ́ọ̀mù ò tíì le tán, torí ọdún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ máa fọ́ mẹ́rin mọ́ ọn. Ẹ sì tọ́jú páálí kan sínú ilé, tẹ́ ẹ bá padà lọ rà á lọ́jọ́ iwájú, orúkọ ẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà kí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ló máa ń sọ ọ́, ẹ yà á ní fọ́tò.